Ìkòkò Ìsàlẹ̀ Kànga

Ọjọ́ Ìsinmi, 5 oṣù kọkànlá 1972. Tokpota

Láti ìgbà tí Hilaire ọkọ mi ti kú ni n kò ti kọ nǹkan kan sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nílé, ògiri ni yóò máa bá sọ, àwọn ará àdúgbò á sì ní orí rẹ̀ ti yí. Ìwé sàn fún mi ju ògiri lọ.

Òjò kékeré kò wá lọ́dún yìí. Ó ṣú, ó sán, ó sì kọjá lọ sí ìhà Sakété. Kànga ọgbà mi ti ń fà sẹ́yìn. Nígbà tí mo ju garawa sí i lánàá, ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìró rẹ̀, ìró náà sì jọ ti ẹni tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Fòfó Augustin, ẹ̀gbọ́n Hilaire, yà kí mi. Ó mu omi, ó yìn mí fún iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó bá mi dárò òjò. Lẹ́yìn náà ó rìn yí ọgbà ká, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ bíi pé kò wọn nǹkan kan. Mo mọ ohun tó ń wò. Àdéhùn tí ẹbí bá mi ṣe lẹ́yìn ìsìnkú kò tíì yí padà: ilẹ̀ yìí wà lọ́wọ́ mi níwọ̀n ìgbà tí nǹkan tútù bá ń hù lórí rẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbẹ, wọn yóò gé e tà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ilé ti ń sún mọ́ wa láti ìhà Ouando. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ yìí, n kò ní ibòmíràn, n kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn tí ọwọ́ mi fẹ́ràn.

"Ìyàwó," ó ní, "ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí yóò le o."

Mo ní, "Fòfó, èmi náà le."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Rédíò ṣì ń kọ orin ológun láti ọjọ́ tí àwọn sójà ti gba ìjọba. Wọ́n ní ohun gbogbo yóò yí padà ní Dàhòmì. Kí wọ́n jọ̀wọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀run.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kọkànlá

Kouboura gbé ẹran ọdún ìtúnu ààwẹ̀ wá fún mi. Ọgbà tirẹ̀ bá tèmi pààlà, òun náà ló sì ń bá mi ta tìmátì àti ẹ̀fọ́ gbọ̀mà ní ọjà Ouando. Ó ní kànga òun náà ti ń rùn bí ẹrẹ̀. A jẹ ẹran, a bú òjò, ara wa yá díẹ̀. Òun ló ní kí n ránṣẹ́ pe Liamidi, agbẹ́kànga tó ń gbé ní Dowa, nítorí bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ kànga tèmi láyé bàbá Hilaire.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù kọkànlá

Liamidi sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga láàárọ̀, kó tó di àkókò ìrun Jímọ̀. Kò mọ bàbá rẹ̀. Ó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí bàbá náà kú, àwọn ará Ìpókíá ló kọ́ ọ níṣẹ́. Èmi àti Kouboura pẹ̀lú ọmọ ìyá Kouboura kan la di okùn mú.

Kò pẹ́ tó fi mi okùn pé kí a fa òun sókè. Nígbà tó yọ orí, ojú rẹ̀ kò dára.

"Ìyá Bernadette, ìkòkò kan ń bẹ nísàlẹ̀. Wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, wọ́n rì í mọ́ inú amọ̀ dúdú."

Kouboura gbé ọwọ́ lérí. "Asitafurulai! Ẹbọ ni."

Liamidi kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Mùsùlùmí ni bàbá mi. Wọ́n sọ fún mi pé ó máa ń kírun márààrún. Mi ò mọ̀ pé ó ń ṣe irú èyí."

Ojú ti ọkùnrin náà débi pé àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n inú bí mi ju bí àánú ti ṣe mí lọ. Omi tó ń jókòó lórí ẹbọ ni mo ti ń mu láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ! Omi yẹn ni mo fi se ọbẹ̀ fún pásítọ̀ wa, tó jẹ ẹ́, tó tún bu kún un. Mo ní kó padà sísàlẹ̀, kó fọ́ ìkòkò náà ní orúkọ Jésù. Ó ní òun yóò fọ́ ọ ní orúkọ Ọlọ́run, a sì fi ẹnu kò síbẹ̀.

A gbọ́ nígbà tó fọ́ ọ. Ó pariwo sókè pé inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó kó àfọ́kù rẹ̀ sínú garawa, a fà á sókè, Kouboura sì lọ dà á sí ẹ̀yìn odi. Liamidi wá gbẹ́ amọ̀ dúdú náà títí ihò rẹ̀ fi gbà á dé ìbàdí. Amọ̀ tó ń dán ni, ó le bí ọṣẹ tó ti gbẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kọkànlá

Omi! Ó kún ihò tuntun náà, ó tutù, ó mọ́. Mo bomi rin gbogbo ebè láìsinmi. Mo kọ orin ìjọsìn títí Kouboura fi ní kí n fi omi sẹ́nu kí n dákẹ́. Ẹbọ ti lọ, omi ti dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù kejìlá

Agbọ̀n tìmátì ti di ọ̀wọ́n ní Ouando nítorí ọgbà àwọn tó wà létí ọ̀sà ti bàjẹ́. Omi ọ̀sà tó ń wọ kànga tiwọn ti ní iyọ̀, ewé wọn ń jó láti etí wọlé. Tèmi tutù yọ̀yọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kùtọnu ní kí n máa kó sálàdì wá fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di Àjíǹde. Mo jó nínú ilé, èmi nìkan, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 13 oṣù kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo wa ti là. Mo ń to igi sí ìdí tìmátì lọ́sàn-án nígbà tí mo gbọ́ ìró kan látinú kànga, bí àgbàlagbà tó ń gbé omi mì. Mo pe Kouboura, ó dákẹ́ gbọ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí n lọ jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù kejìlá

Gbogbo sálàdì lọ. Bernadette ọmọ mi ti dé fún ọdún Kérésì, ó ní ọgbà òun kò tíì dára tó báyìí rí. Mo ní ọgbà ta ni? Ó ní tàwa. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà ju bí mo ti jẹ́ kó mọ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù kejìlá

Kànga ti ṣófo. N kò sọ pé omi lọ sílẹ̀ o. Ó ṣófo ni. Lánàá mo pọn omi tó tó, ó ṣì kù. Láàárọ̀ yìí garawa sọ̀ kalẹ̀ títí okùn fi tán lọ́wọ́ mi, kò kan nǹkan kan.

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá kànga. Bí mo ti ń wò ó, ó yí padà jẹ́jẹ́, ó gun etí kànga, ó sì wọlé. Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́. Mo na ọwọ́ sí ẹnu kànga, mo sì mọ̀ ọ́n lára: ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, díẹ̀díẹ̀, láìdánu dúró. Mo fa ọwọ́ mi yọ bíi pé iná jó mi. Ẹ̀rù bà mí, èmi tí mo máa ń fi àwọn tó ń bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́.

Liamidi dé lọ́sàn-án. Ó ju òkúta ńlá kan sínú rẹ̀. A tẹ́tí. A tẹ́tí títí ọrùn fi ń ro wá.

Kouboura ní, "Ṣé ó ti balẹ̀?"



Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù kejìlá

Láàárọ̀ ó ń fà. Lọ́sàn-án ó ń fẹ́. Mo dúró tì í láti rí i dájú. Nígbà tí oòrùn bá ti mú dáadáa, ó máa ń dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà atẹ́gùn tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí òórùn rẹ̀ dà bíi ti irin tó ti dógùn-ún. Ó gbé ìborùn Kouboura kúrò léjìká rẹ̀. Ó sá, kò sì padà wá mú un.

Bernadette fẹ́ kí n bá òun lọ sí Kùtọnu. Mo ní bí mo bá kúrò níbí, Fòfó Augustin yóò dé kí ẹsẹ̀ mi tó tutù lọ́nà.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kìíní 1973

Kànga Kouboura ti gbẹ. Ti Fọlárìn, olùkọ́ tó ń gbé lẹ́yìn wa, ti gbẹ pẹ̀lú. Wọ́n kò gbẹ́ nǹkan kan kún tiwọn, wọn kò fọ́ ìkòkò kankan. Omi wọn ń sá lọ láti ìhà tèmi síwájú, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kìíní

Fọlárìn jẹ́ ará Ìjọ Mímọ́, ó sì ní kí n gba àwọn aláṣọ funfun láyè kí wọ́n wá gbàdúrà létí kànga. Ní ìgbà mìíràn, èmi Mẹ́tọ́díìsì, n bá yọ ṣùtì. Lónìí mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Wọ́n dé ní kùtùkùtù, láìwọ bàtà, wọ́n yí kànga ká, wọ́n tan àbẹ́là. Kò sí atẹ́gùn, ewé igi kan kò mì. Wọ́n ń kọrin. Mo rí i nígbà tí iná àbẹ́là tó sún mọ́ kànga jù dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkejì. Kò pẹ́ tí iná àbẹ́là ọwọ́ gbogbo wọn fi tẹ̀ sínú, tí iná náà ń nàka sí ẹnu kànga. Orin náà kú ní ẹnu wọn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Alàgbà tó ṣáájú wọn jẹ́ ọkùnrin gidi, kò purọ́ fún mi. Ó ní, "Ìyá, a ó máa gbàdúrà láti ilé." Wọ́n sì lọ.

Ọjọ́rú, 10 oṣù kìíní

Liamidi mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Dowa. Samiatou ni orúkọ ìyá náà, ó ti darúgbó, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí pèpéle. Liamidi kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ìkòkò fún un láti ọjọ́ yìí wá, nítorí kò fẹ́ kó mọ̀ pé òun mọ àṣírí bàbá òun. Èmi ni mo sọ ọ́. Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí ẹ̀wà.

"Kí ló wà nínú ìkòkò ọ̀hún?"

Liamidi ní, "Kò sí nǹkan kan, Ìyá."

"Kò sí epo? Kò sí ìyẹ́ adìẹ?"

"Ó mọ́ tónítóní."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti rí ẹbọ tí kò ní nǹkan nínú rí?"

Ó wá ṣàlàyé fún wa bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Lórí òkè tí a wà yìí, ó ní, omi tí à ń fà kò jókòó lórí ilẹ̀ gidi. Àwo amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gbé e dúró, ìsàlẹ̀ àwo náà sì jẹ́ iyanrìn gbígbẹ tí kò ní òpin. Bí agbẹ́kànga ayé àtijọ́ bá ti kan amọ̀ dúdú yẹn, yóò dúró, yóò dojú ìkòkò òfìfo kan dé ibẹ̀, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn òun lè mọ̀ pé kó má gbẹ́ kọjá. Ọkọ òun ṣe é nínú gbogbo kànga tó gbẹ́.

"Ìwé kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ tí yóò fi kọ ọ́," ó ní. "Ìkòkò ló ní."

Liamidi sunkún lọ́nà. Ó ní láti oṣù méjì ni òun ti ń tọrọ ìdáríjì fún bàbá òun lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi kò rí omijé sun. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ẹnu mi yìí ló pàṣẹ pé kí wọ́n fọ́ ọ.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kìíní

A ti fi àtùpà dán an wò. Bí kànga bá ń fẹ́ síta, àtùpà á kú kó tó dé àárín. Bí ó bá ń fà sínú, kò ní kú. Nítorí náà àárọ̀ ni Liamidi sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ibi tí amọ̀ ti já, ó sì ki àtùpà bọ ihò náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a fà á jáde, ó jókòó sílẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Ìyá, yàrá ń bẹ nísàlẹ̀ yẹn."

"Yàrá báwo?"

"Omi tó lọ kó iyanrìn lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Mo na àtùpà, mi ò rí ògiri. Mo kàn ń gbọ́ bí iyanrìn ṣe ń dà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń da àgbàdo sínú àpò." Ó nàka sí ìhà tí yàrá náà kọjú sí. Abẹ́ ebè tìmátì mi ni.

Mo pe àwọn tí kànga wọn ti gbẹ jọ, mo sọ fún wọn pé kànga tèmi ló mu tiwọn, mo sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti pé Liamidi fẹ́ fi amọ̀ dí ihò náà. Mo rò pé wọn yóò nà mí. Fọlárìn bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ṣòkòtò, ó ní, "Níbo ni amọ̀ tí a máa tẹ̀ wà?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù kìíní

Amọ̀ etí ọ̀sà la kó wá. Gbogbo àdúgbò fi ẹsẹ̀ pò ó bí amọ̀ ilé. Liamidi to ìtì ọ̀pẹ sórí ihò náà, ó sì rẹ́ amọ̀ lé e lórí nípọnnípọn. Nígbà tó parí, ẹnu kànga dákẹ́, kò fà, kò fẹ́. A wo ara wa, kò sí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kìíní

Omi ti bo amọ̀, yóò tó ọrùn ẹsẹ̀. Kouboura ní kànga òun náà ti tutù nísàlẹ̀. Mo fi ìṣọ́ra bu díẹ̀ fún gbọ̀mà. Sálàdì ti kú tán, òtẹ́ẹ̀lì ti wá ẹlòmíràn. N kò dá wọn lẹ́bi.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù kejì

Ó ti lọ. Ìtì ọ̀pẹ, amọ̀, omi, gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ ìró kankan. Ó tún ń fa afẹ́fẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi, 11 oṣù kejì

Mò ń ra omi lọ́wọ́ ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ti àgbá wá láti ẹ̀rọ ìlú, mò ń bu ú fún gbọ̀mà ní ìdí kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fún aláìsàn lóògùn. Asán ni. Gbọ̀mà náà ń rọ lójú mi.

Àwọn igi tí mo tò sí ìdí tìmátì ti ń tẹ̀ sí ara wọn. Wọ́n dúró ṣánṣán nígbà tí mo rì wọ́n. Ní báyìí gbogbo wọn ló da orí kọ àárín ebè, bí àwọn tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Mo fi ọmọ odó lu ilẹ̀ lójú ọ̀nà, ó dún bí ilẹ̀. Mo lù ú láàárín tìmátì, ó dá mi lóhùn láti ọ̀nà jíjìn. Kouboura ní òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun kan ibẹ̀ mọ́ láé. Ó sunkún, ó gbá mi mọ́ra, ó sì ti ń bá ẹlòmíràn tà ní Ouando.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù kẹta

Nǹkan tútù kankan kò sí mọ́ lórí ilẹ̀ yìí. Fòfó Augustin dé. Ó mú oníṣòwò kan wá láti Ouando, Akambi, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó fẹ́ kọ́ ibi ìkẹ́rù. Mo lè dákẹ́. Mo rò ó wò, kí n má purọ́ fún ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn ni.

Mo ní, "Fòfó, abẹ́ ilẹ̀ yìí ṣófo. Bí ẹ bá kọ́lé lé e, yóò wọlẹ̀."

Ó wò mí, ojú rẹ̀ sì rọ̀, bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ó ń bẹ̀ kí wọ́n má gba ohun ìṣeré rẹ̀. "Ìyàwó mi, mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Àdéhùn ni àdéhùn."

Mo kọjú sí Akambi. "Ẹ pe Liamidi agbẹ́kànga, kí ó sọ fún yín."

Akambi ní, "Mádáàmù, wọ́n ti sọ fún mi. Ẹ̀rù opó kì í tán bọ̀rọ̀." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. N kò bá a jiyàn mọ́. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo gbàgbé láti fún wọn lómi, àgbàlagbà méjì, nínú oòrùn yẹn.

Ọjọ́rú, 14 oṣù kẹta

Ọkọ̀ akẹ́rù ti já bíríkì sìmẹ́ǹtì. Wọ́n tò ó gègèrè sórí ebè tìmátì, nítorí ibẹ̀ ló tẹ́jú jù. Akambi ti fi ọlọ́dẹ kan, Inoussa, tì í. Mo gbé oúnjẹ fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó lọ sùn lójú ọ̀nà. Ó ní orí bíríkì ló dára, ejò kò ní lè gùn ún.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù kẹta

Igbe Inoussa ló jí àdúgbò. Ó sùn lókè, ó jí nísàlẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ rí nígbà tó la ojú ni gbòǹgbò tìmátì, ó sì wà lókè orí rẹ̀. Bíríkì náà ti wọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ bó ṣe tò, ọ̀kan kò ṣubú, ọ̀kan kò là. Ó wọlẹ̀ jẹ́jẹ́ débi pé ọkùnrin tó sùn lórí rẹ̀ kò yí ara padà. Etí ihò náà rí róbótó bíi pé wọ́n fi abẹ gé e. Fọlárìn ju okùn sí i, a sì fà á jáde.

Akambi dé, ó wò ó láti ojú ọ̀nà, ó sì yí padà. Kò béèrè bíríkì rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù kẹta

Bíríkì kò sí mọ́. Ó ń lọ sísàlẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kẹrin

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lálẹ́ àná, ó rọ̀ dáadáa. Omi kankan kò dúró nínú ihò náà.

Ẹbí wá láàárọ̀ yìí, àgbà mẹ́rin pẹ̀lú Fòfó Augustin. Wọ́n ti ṣèpàdé. Kò sí ẹni tó fẹ́ rà á, kò sí ẹni tó fẹ́ gbé ibẹ̀, kò sí ọmọ ẹbí tó fẹ́ kí wọ́n ka ilẹ̀ náà mọ́ tirẹ̀. Wọ́n ní ó di tèmi títí ayé, èmi àti Bernadette. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ ìsìnkú nìyẹn. Nígbà tó dé, ó dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Nínú ẹbí Hilaire, bí wọ́n bá fún èèyàn nílẹ̀, olórí ẹbí yóò bu erùpẹ̀ láti àárín rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà. Gbogbo wa dúró lójú ọ̀nà. Fòfó Augustin wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Òógùn bò ó, nínú àárọ̀ tútù. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì dá a padà.

Mo ní, "Ẹ dúró, Fòfó. Ẹ má ṣe ìyọnu."

Èmi fúnra mi wọlé. Mo rìn yí ihò náà ká, mo bẹ̀rẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti pupa jù, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo sì gbé e padà wá fún un kó lè fi fún mi. Ìdajì rẹ̀ dà sí ojú ọ̀nà. Èyí tó kù ni ó gbọn sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní, "Ó di tìrẹ, ìyàwó." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Mo ti rẹ irúgbìn gbọ̀mà láti àná, kò sì yẹ kó kọjá òní. Mo gbé ọkọ́, mo padà wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè ní ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí ihò. Àwọn àgbà náà kò tíì lọ. Wọ́n tò sójú ọ̀nà, wọ́n ń wò mí bí mo ti ń gbé ọkọ́ sókè, tí mo ń sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo dúró kí wọ́n kí mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni ojú wọn wà. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó kí mi kú iṣẹ́.